Iyọ̀ Lẹ́yìn Ọmọ Màlúù

Bí ẹ bá bi Enoch Tarrant níṣẹ́ tó ń ṣe, á ní olè lòun, olè tí kò tíì mọṣẹ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àgùntàn kan péré ló jí láyé rẹ̀, àgùntàn náà sì ń ké tẹ̀ lé e títí dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ìyẹn ni wọ́n ṣe dè é sínú ọkọ̀ ojú omi wá sí Ọsirélíà. Ó sìnrú ọdún méje pé, ó gba òmìnira, ó gba ilẹ̀ olókùúta kan lẹ́bàá odò, ó sì fẹ́ Tabitha, obìnrin tí ọpọlọ rẹ̀ tó ti èèyàn mẹ́ta.

"Ó yẹ kí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ti sọ fún un pé kó má fẹ́ mi," ni Enoch máa ń wí.

Ní àdúgbò wọn, kò sí àgbẹ̀ tó ń pa màlúù ara rẹ̀ jẹ nígbà tí ti aládùúgbò bá ń jẹko nítòsí. Gbogbo wọn ló mọ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Enoch kò tiẹ̀ pa màlúù. Ọmọ màlúù kan tí kò tíì lámì lára ló rí, ló bá fi irin gbígbóná tẹ àmì tirẹ̀ sí i. Àṣé Laidlaw, ọlọ́sìn ńlá tó bá a pààlà, ń wò ó látorí ẹṣin, ló bá pè é lẹ́jọ́.

Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, ọdún mẹ́ta ni yóò fi fọ́ òkúta lójú ọ̀nà pẹ̀lú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀. Adájọ́ ní kí wọ́n ṣe é bí wọ́n ti máa ń ṣe é: kí Laidlaw mú abo màlúù tó pè ní ìyá wá, kí Enoch mú tirẹ̀ wá, kí wọ́n tú ọmọ náà sí àárín wọn; abo tó bá gbà á lọ́mọ, olówó rẹ̀ ló ni ín.

Ọ̀rọ̀ burú. Ó tó ọdún mẹ́ta tí Polly, abo màlúù Enoch, ti bímọ gbẹ̀yìn.

"Iyọ̀ ni màmá mi fi ń pa ọmọ màlúù aláìníyàá lára," ni Tabitha wí láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́. "Abo mìíràn á máa lá a. Bó bá ti lá a tẹ́rùn, ó ti gbà á lọ́mọ nìyẹn."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ìwọ tó kó wa sí i lò ń bi mí bẹ́ẹ̀? Di orí ọmọ màlúù yìí mú jàre! Mi ò lè dá ro ilẹ̀ yìí fọ́dún mẹ́ta, Enoch." Ó bu omi sí iyọ̀, ó sì fi ń pa ọmọ màlúù náà títí àpò iyọ̀ fi ṣófo.

Nínú ọgbà tó wà lẹ́yìn ilé ẹjọ́, wọ́n tú ọmọ màlúù sílẹ̀. Polly lọ tààrà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá a lẹ́yìn.

"Ẹ ò rí i? Ìyá rẹ̀ nìyẹn!" Díẹ̀ ló kù kí Enoch jó.

Abo màlúù Laidlaw náà dé, ó ń lá ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹṣin ọlọ́pàá na ọrùn kọjá ọgbà, òun náà ń lá etí. Ewúrẹ́ méjì tí kò sẹ́ni tó pè wọ́n sá wọ inú ọgbà.

"Tarrant!" ẹnìkan kígbe. "Ọmọ yìí mà níyàá o! Ẹṣin yẹn ńkọ́, ṣé ìyá àgbà ni?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Nígbà tí lílá sú ọmọ màlúù, ó já ara rẹ̀ gbà, ó wọ abẹ́ abo màlúù Laidlaw, ó sì ń mu ọmú.

Adájọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọmọ náà, ó tọ́ ìka wò.

"Iyọ̀. Ta ló ṣe é?"

Tabitha rọra fi ọwọ́ méjèèjì tí iyọ̀ ti bó pamọ́ sábẹ́ aṣọ ìdáná rẹ̀. Enoch rí i.

"Èmi ni, Olúwa mi."

"Ìwọ nìkan?"

"Ẹ wò ó náà, Olúwa mi. Ta ni yóò da odidi àpò iyọ̀ sára ọmọ màlúù kan bí kò ṣe èmi? Ìyàwó mi lọ́gbọ́n. Ẹ bi gbogbo àdúgbò."

Kò sẹ́ni tó jiyàn. Àwọn kan tiẹ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo gbà ọ́ gbọ́," ni adájọ́ wí. "Ọdún mẹ́ta."

Bí wọ́n ti ń kan irin mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, Tabitha sún mọ́ ọn, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Ọ̀dẹ̀," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Èmi ni mo da iyọ̀ pọ̀jù. Jẹ́ kí n lọ sọ fún wọn."

"Pa ẹnu ẹ dé," Enoch dáhùn. "Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo purọ́ tí wọ́n gbà mí gbọ́. Má bà á jẹ́ fún mi."