Ewì Tí Apòògùn Kọ fún Ìyàwó Tíṣà

Ó ti pẹ́ tí Tíṣà ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ewì, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú palẹ̀ bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, apòògùn ibi tó ti kúrò ló kọ ewì fún un. Ìyàwó fi gíláàsì sí i, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀:

Ó wọlé, yàrá mọ́lẹ̀;
Ó fọhùn, ara rọlẹ̀;
Ó dúró, ọkàn balẹ̀;
Ó ń lọ.

Látìgbà náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu Tíṣà mọ́. Bó jókòó, ewì ń wò ó. Bó dìde, ewì ń wò ó. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó mú pẹ́ńsùlù, ó ní kí ìyàwó òun wá wo àṣìṣe.

Ó ṣàlàyé pé sílébù méje-méje ló wà nínú ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́, pé "Ó" tó ń ṣí wọn ni àwítúnwí, pé "lẹ̀" ló sì ń pa wọ́n dé, bí ẹni ń rọra sọ ẹrù. Ló bá fi pẹ́ńsùlù gún ìlà kẹrin.

"Sílébù mẹ́ta péré. Mẹ́rin yòókù dà? 'Lẹ̀' dà? Iṣẹ́ ló sú u."

Ìyàwó rẹ̀ kà á sókè, jẹ́jẹ́.

"Àbí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi àyè yẹn sílẹ̀ ni? Pé bí mo bá ti lọ, kò sóhun tó lè dí i?"

Tíṣà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn gan-an nìyẹn. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Ìyàwó ní òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé gbogbo èyí wà nínú rẹ̀, òun á pe apòògùn kí òun tún dúpẹ́.

"Ọdún méjì péré ló fi rí mi o. Ẹ̀yin ńkọ́, Tíṣà? Kí lẹ rí?"

Tíṣà wọ yàrá, ó kọ, ó ya, ó tún kọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó mú ìlà kan ṣoṣo jáde: Ó bínú, ilé dàrú.

Ìyàwó fi ìka kà á.

"Sílébù rẹ̀ pé," ló wí, ló bá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì.

Ti apòògùn ṣì wà ní pálọ̀, nínú gíláàsì. Òun ni gbogbo àlejò ń kọ́kọ́ kà. Bí wọ́n bá ti ń kà á, Tíṣà á lóun ń lọ mu omi.