Òkúta Tó Gbàgbé Ọjọ́ Orí Rẹ̀

2.

...nítorí òkúta kì í ka ọjọ́ tí wọ́n bí i. Láti ọjọ́ tó ti tutù ló ti ń kà. Bí iná bá tún kàn án, gbogbo ìlà wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ tí a fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀ á parẹ́, á bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ohun tí mo ń kọ́ wọn ní yunifásítì nìyẹn, láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú.

Wọ́n máa ń sùn.

3.

ÌKÌLỌ̀ (ara ògiri ẹ̀ka wa, 2007)
NÍTORÍ OGUN ÀRÍWÁ, KÍ ẸNIKẸ́NI MÁ LỌ KÓ ÒKÚTA NÍ ÒKÈ AÏR MỌ́.

4.

Mo ti kó mẹ́rin kí ọ̀nà tó dí. Ilé mi ní Koira Kano kéré. Mo kó wọn sí àgbàlá ìyá mi ní Boukoki. Ìwádìí lára wọn ni ìgbéga mi lẹ́nu iṣẹ́ dúró lé.

5.

ÌYÁ: Ọ̀la ni Jímọ́ọ̀. Mo ń se tùwó. Ṣé o ń bọ̀?
ÈMI: Iṣẹ́ pọ̀, Ìyá. Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀, in ṣáà Àlláhù.

6.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e.

8.

Boubacar, awakọ̀ wa, ni mo rán lọ fọ́ díẹ̀ wá lára wọn. Mẹ́ta ló rí. Ó ní wọ́n dúdú. N kò bi í ní nǹkan kan.

9.

ÈSÌ ÀYẸ̀WÒ LÁTI FARANSÉ
Kìíní: òdo. Kejì: òdo. Kẹta: òdo.
Zubaidat, ṣé inú iná lo ti gbé wọn? Bí ìkẹrin bá wà, fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó kírun Jímọ́ọ̀ lọ́dọ̀ yín. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó ti ilẹ̀kùn ìwádìí yìí.

10.

JÍMỌ́Ọ̀. ÀGBÀLÁ.
ÌYÁ: O wá! Fofo, fofo, káàbọ̀!
ÈMI: Ìyá, òkúta mi dà?
ÌYÁ: Àwọn tí mo fi ṣe ààrò? Òkúta gidi ni wọ́n. Wọn ò sán rárá.
ÈMI: Ẹ fi dáná!
ÌYÁ: Tùwó rẹ ni mo fi ń sè. Gbogbo Jímọ́ọ̀. Mo ní bóyá o máa yà.
ÈMI: Ta ló ń jẹ ẹ́?
ÌYÁ: Àwọn ọmọ kéwú.

11.

Inú bí mi. Mo fẹ́ pariwo. Ẹkún ló jáde.

12.

Ohun tí òkúta mi rántí:

Jímọ́ọ̀.

                Jímọ́ọ̀.

                                Jímọ́ọ̀.

13.

ÈMI: Ìkẹrin ńkọ́?
ÌYÁ: Ó wà lábẹ́ àmù omi. Ibẹ̀ tutù. Gbé e, tí o bá ń kánjú.

14.

Wọ́n ti ń pe ìrun. Àmù kún dé ẹnu. Èmi nìkan kò lè gbé e kúrò lórí òkúta.

Mo fọwọ́ kan ààrò. Ó gbóná.

Ìyá ti ń bu tùwó. Abọ́ méjì.