Ìwé Kánò

Ọ̀ṣẹ́nì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ ìwé náà mọ́lẹ̀ lórí tábìlì, kí atẹ́gùn fáànù má baà gbé e.

"Páṣípọ́ọ̀tù ni mo wá sọ di ọ̀tun," ó wí fún Màríámọ̀, akọ̀wé ilé aṣojú Nàìjíríà ní Niamey. "Èyí kàn wà láàárín rẹ̀ ni. Wọ́n ní kò wúlò."

Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ tó ń kó yúréníọ̀mù ti pa Nùrẹ́nì, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lọ́nà Àgádésì, Hàwáù ọmọ ọdún márùn-ún nìkan ló kù fún un. Kánò ni Nùrẹ́nì ń gbé. Adájọ́ ibẹ̀ sì dá a nínú ìwé yìí pé kí Ọ̀ṣẹ́nì gba ọmọ-ọmọ rẹ̀ tọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Kúbúrá, ìyá ọmọ, gbé e sá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Tàjùdéèn, ọ̀rẹ́ tí wọ́n ti jọ ń taṣọ ní àdúgbò Zongo ní Niamey láti ogún ọdún, ló sọ fún un pé ìwé Kánò kì í ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kó ṣe sùúrù. Ó ti ṣe sùúrù ọdún méjì.

"Bàbá, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?" ni Màríámọ̀ wí. "Ohun tí ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ kan bá dá, dandan ni kí ìpínlẹ̀ yòókù gbà á. Mo ṣáà ti sọ fún ọ̀rẹ́ yín nígbà tó mú ẹ̀dà rẹ̀ wá léṣìí."

"Ọ̀rẹ́ mi wo?"

"Àlàájì Tàjùdéèn. Ọkọ ìyàwó! Ọjọ́ Ẹtì ló wá kọ ìyàwó tuntun àti ọmọ mọ́ páṣípọ́ọ̀tù rẹ̀." Ó ń rẹ́rìn-ín bó ti ń ṣí fáìlì. Lójijì, ojú rẹ̀ bọ́ sórí orúkọ tó wà nínú rẹ̀. Ó fẹ́ pa á dé, ṣùgbọ́n Ọ̀ṣẹ́nì mọ̀wé, ojú rẹ̀ sì ti bà lé e: *Kúbúrá. Hàwáù Tàjùdéèn.*

Ó dúpẹ́. Ó ká ìwé rẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ̀ẹ̀melòó ló ti fi òwe yìí kìlọ̀ fún ẹlòmíràn?

Ní Zongo, Tàjùdéèn ń fi ọ̀pá wọn aṣọ.

"Arìnrìn-àjò! Wọ́n ti ṣe páṣípọ́ọ̀tù ọ̀hún?"

"Mò ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́."

Ọ̀pá dúró lórí aṣọ. "Nínú oòrùn yìí, Àkànní? Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú. Di aṣọ ọdún ọmọ náà, màá bá ọ gbé e lọ, bí mo ti ń ṣe."

Bó ti ń ṣe lóòótọ́. Ọdún Ààwẹ̀, ọdún Iléyá, Ọ̀ṣẹ́nì fúnra rẹ̀ ló ń di ẹrù lé e lọ́wọ́, tó ń júwe ilé Kúbúrá fún un. Tàjùdéèn á padà dé, á ní ọmọ ń dúpẹ́. Ọ̀ṣẹ́nì kò béèrè rí bóyá Hàwáù mọ ẹni tó rà á.