Àyè Jẹ́jẹ́ Lórí Bẹ́ǹṣì

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, baba àwọn ọmọ mi ṣì wà láyé, ó ṣì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fá irùngbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó máa ń bá mi jà lórí ìkòkò tí ìyá wa fi sílẹ̀, wà láyé. Káfíńtà tó ń gbé ilé kejì wà láyé, ó sì wà di òní olónìí, àmọ́ kì í rẹ́rìn-ín bíi ti ìgbà yẹn mọ́. Jẹ́jẹ́, ọmọ rẹ̀, náà wà láyé. Ọ̀rọ̀ Jẹ́jẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Bí mo bá ti rántí rẹ̀, inú mi máa ń gbóná bí irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná.

Jẹ́jẹ́ kọ́ ni wọ́n sọ ọmọ náà. Àwa la fún un lórúkọ yẹn nítorí ìrìn rẹ̀. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló bá a wáyé. Lónìí, eegun á máa ro ó, á dùbúlẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù. Lọ́la, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa fi àwọn tó ń kọjá ṣẹ̀fẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ọmọ-ọmọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tó jìnnà. Lọ́yà là ń pe ìyẹn, torí kò sí ẹjọ́ tí kò lè rò. Bí o bá ní kó lọ wẹ̀, á bi ọ́ pé ta ló sọ pé òun dọ̀tí, kí sì ni ẹ̀rí onítọ̀hún.

Káfíńtà ló kan gbogbo bẹ́ǹṣì tó wà ní kíláàsì àwọn ọmọ náà. Ọmọ méjì ló ń jókòó sórí ọ̀kan. Lọ́yà wà lápá òsì, Jẹ́jẹ́ wà lápá ọ̀tún.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Lọ́yà ti ilé-ìwé dé, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá.

"Kí ló ṣe ọ́ lọ́wọ́?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Mú un wá kí n rí i."

"Màmá, ọwọ́ mi kọ́ ni? Ṣé ẹni tó bá lọ́wọ́ kò lè gbé e síbi tó bá wù ú ni?"

"Lọ́yà!"

Ó na ọwọ́. Àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà ti wú bí búrẹ́dì tí wọ́n kì bọ omi. Mo bi í pé kí ló jí. Ó ní òun ò jí nǹkan kan, òyìnbó ni wọ́n ń kọ́.

Ó wá ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú òyìnbó tó máa ń rìn ní méjì méjì. Bí ẹ bá ti gbọ́ áídà, ọ̀ọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Bóòtù, áńdì ni tirẹ̀. Náídà, nọ̀ọ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Bí àwa náà ṣe máa ń sọ pé yálà òjò tàbí oòrùn, àti ọmọdé àti àgbà, kì í ṣe ẹran, kì í ṣe ẹja. Ìyẹn ò burú. Ẹ̀kọ́ dáa, mi ò bá ẹ̀kọ́ jà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí Tíṣà ṣe ń kọ́ ọ. Ọmọ tó wà lápá òsì bẹ́ǹṣì á dìde, á sọ ìlàjì gbólóhùn. Èyí tó wà lápá ọ̀tún á dìde, á parí ẹ̀. Bí ẹnì kejì kò bá dáhùn, àwọn méjèèjì ló máa jẹgba. Ó ní kí wọ́n lè máa ran ara wọn lọ́wọ́ ni.

"Jẹ́jẹ́ wá ni kò mọ̀ ọ́n?"

"Jẹ́jẹ́ kò wá. Eegun ń ro ó láti àná."

"Ta wá ni kò dáhùn?"

"Àyè ẹ̀ ni, Màmá. Àyè ẹ̀ ni kò dáhùn."

Wọ́n na ọmọ mi nítorí pé igi kò fọhùn!

Ó ní ó tún kù. Tíṣà ní bí Lọ́yà bá gbà kí ẹlòmíràn wá jókòó tì í, òun ò ní nà án mọ́. Jẹ́jẹ́ á máa lọ jókòó lẹ́yìn pátápátá, lórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbálẹ̀.

"Kí lo wí?"

"Mo ní mi ò gbà. Mo ti sọ fún Jẹ́jẹ́ pé mò ń tọ́jú àyè ẹ̀. Bàbá ẹ̀ ti ń sọ pé ilé-ìwé ló ń pa á lára. Bó bá gbọ́ pé wọ́n ti gba àyè lọ́wọ́ ẹ̀, ó máa ní kó kúkú jókòó sílé. Kò ní ka ìwé mọ́ nìyẹn."

Mi ò lè jẹun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, baba àwọn ọmọ mi rí i tí mò ń wọ bàtà.

"O ò ní lọ bínú níbẹ̀ o."

"Ta ló sọ fún ọ pé mò ń bínú?"

"Bàtà ọ̀tún wà lẹ́sẹ̀ òsì."

Mo pààrọ̀ bàtà, mo lọ.

Tíṣà yẹn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ mú ṣáṣá bí ẹni pé ó lè gé àlùbọ́sà. Ó fi rúlà onígi há abíyá. Ṣọ́ọ̀kì ti funfun sí i létí, ibi tó ti ń họ ọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Tíṣà."

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ o. Ẹ lọ rí ọ̀gá ilé-ìwé ní ọ́fíìsì."

"Ẹ̀yin ni mo wá rí. Kí lọmọ mi ṣe tí ẹ fi nà án?"

"Ẹnì kejì rẹ̀ kò dáhùn."

"Ẹnì kejì rẹ̀ wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn."

"Mo mọ̀, Màmá, ó dùn mí. Ṣùgbọ́n òfin kíláàsì ni. Bí mo bá fojú fo ti ẹnì kan, gbogbo wọn ló máa ní àìsàn ń ṣe wọ́n."

"Gbogbo wọn ló máa ní fòníkú-fọ̀ladìde? Wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù ni?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ó fi rúlà lu tábìlì.

"Màmá, àwọn àlejò láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ kí sáà yìí tó parí. Méjì méjì ni wọ́n máa gbọ́ àwọn ọmọ yìí. Mi ò lè fi bẹ́ǹṣì onílàjì dúró dè wọ́n. Ọmọ yẹn máa lọ sẹ́yìn. Fún ire rẹ̀ ni."

Fún ire rẹ̀! Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ń yọ àga kúrò lábẹ́ yín fún ire yín.

Mo ká aṣọ mi sókè díẹ̀, mo la àárín wọn kọjá, mo sì jókòó sí àyè Jẹ́jẹ́. Bẹ́ǹṣì náà ké. Irú ìdí tèmi kọ́ ni Káfíńtà ní lọ́kàn nígbà tó ń kàn án.

"Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe yìí?"

"Èmi ni ẹnì kejì rẹ̀ títí Jẹ́jẹ́ á fi dé. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Ọmọ kan pariwo lẹ́yìn pé, "Ọmọ tuntun dé!" Òmíràn ní, "Kò wọ yúnífọ́ọ̀mù!" Lọ́yà yíjú padà bí adájọ́: "Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ò lè ka orúkọ ara yín."

Tíṣà rò pé ó máa sú mi. Ó ń pè wọ́n ní bẹ́ǹṣì bẹ́ǹṣì títí ó fi kàn wá. Lọ́yà dìde, ó sọ ti ológbò kan, náídà ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó wá ku tèmi. Mo dìde, eékún mi méjèèjì dún kó tó di pé ẹnu mi là.

"Ọ̀ọ̀," ni mo wí.

Lọ́yà dijú. Mo ti ṣì í sọ. Rúlà Tíṣà ti gòkè kó tó rántí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀.

Mo na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí i. "Mo kùnà, Tíṣà. Òfin kíláàsì ni. Ẹ ti orí mi bẹ̀rẹ̀, torí èmi ni mo dàgbà jù."

"Màmá, ẹ má bá mi ṣe báyìí."

"Kí ni mo ṣe? Ọwọ́ tó ti wo ọmọ, tó tún wo ọmọ-ọmọ, ẹ ní kò lè gbẹgba kan? Àbí ti ọmọ kékeré nìkan lẹ mọ̀ ọ́n nà? Ẹ nà mí! Mo ní kí ẹ nà mí!"

Ariwo mi ló gbé ọ̀gá ilé-ìwé jáde ní ọ́fíìsì. Àgbà ni, ó fẹ̀sọ̀ dì mí lọ́wọ́ mú, ó mú èmi àti Tíṣà lọ sí kọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ jẹgba mọ́ nítorí ẹni tí kò wá. Ó ní àyè Jẹ́jẹ́ kò ní kúrò títí ọjọ́ àwọn àlejò. Bó bá dáhùn dáadáa lọ́jọ́ náà, ó di tirẹ̀ pátápátá. Bí kò bá lè dáhùn, á lọ sẹ́yìn. Tíṣà ní òun gbọ́. Èmi náà gbà á, bí èèyàn ṣe ń gba oògùn kíkorò.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Bí Lọ́yà bá ti ilé-ìwé dé, kò ní sọ báàgì kalẹ̀ tí á fi lọ sábẹ́ fèrèsé yàrá Jẹ́jẹ́, á ké ìlàjì gbólóhùn láti ìta. Jẹ́jẹ́ á parí rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ tí ara bá tu ú, èsì á fò jáde kí Lọ́yà tó mí. Lọ́jọ́ tí eegun bá ń ro ó, á pẹ́, ṣùgbọ́n á dé. Èmi náà máa ń dá sí i láti ibi tí mo ti ń ṣa aṣọ lórí okùn, n ó sì ṣì í.

"Màmá," Jẹ́jẹ́ á pariwo nínú ilé, "ẹ tún ti gbé ọkọ ìyàwó kan fún ìyàwó ẹlòmíràn!"

Bàbá rẹ̀ kò rí ẹ̀rín nínú rẹ̀. Ó ń fági nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Ìyá wa, ẹ jẹ́ ká fi ọmọ yìí lọ́rùn sílẹ̀. Kí ni òyìnbó fẹ́ ṣe fún eegun tó ń ro?"

Inú bí mi sí òun náà. "Ìwọ tó ò ń kan bẹ́ǹṣì fún ọmọ ọlọ́mọ, tìrẹ ni kò wá ní jókòó sórí ẹ̀?"

Ó ń fági rẹ̀ lọ. Àmọ́ nígbà tí ọjọ́ àwọn àlejò pé, òun fúnra rẹ̀ ló pọn Jẹ́jẹ́ dé ẹnu géètì. Jẹ́jẹ́ ní kó sọ òun kalẹ̀ níbẹ̀, òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara òun wọlé. Ó rìn wọlé, jẹ́jẹ́ náà ni. Kò jí dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹyin ojú rẹ̀ ti pọ́n. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́, gbólóhùn ló ń kà lọ.

Wọ́n ní kí àwọn òbí dúró níta lẹ́bàá fèrèsé. Mo yọjú. Ẹ wá wo nǹkan! Ọmọbìnrin gíga kan, tí wọ́n di irun rẹ̀ mọ́ra dáadáa, ló wà ní àyè Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbálẹ̀, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

"Tíṣà!" ni mo wí.

Ó sáré wá sí fèrèsé, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Màmá, ẹ dákun. Ẹ ò rí ojú ẹ̀ bó ṣe pọ́n ni? Àwọn àlejò lè rò pé ó ń ranni. Ọjọ́ kan péré ni."

Ọjọ́ kan péré! Ọjọ́ tí ọmọ ń dúró dè láti ọjọ́ yìí wá. Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n àwọn àlejò ti ń wọlé, Káfíńtà sì di ọwọ́ mi mú.

Wọ́n ń pè wọ́n ní méjì méjì. Ó kan Lọ́yà. Ó dìde, ó sọ ìlàjì tirẹ̀ ketekete. Ọmọ gíga yẹn la ẹnu láti parí rẹ̀.

"Ìwọ kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀," Lọ́yà wí fún un.

Ọmọ yẹn pa ẹnu dé. Tíṣà wúkọ́. Lọ́yà kò jókòó, kò sì wo ẹnikẹ́ni. Òógùn ń kán ní àgbọ̀n Tíṣà sórí kọ́là rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, bó ṣe máa ń pẹ́ lábẹ́ fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni ohùn tín-ín-rín kan dáhùn láti ẹ̀gbẹ́ ìgbálẹ̀. Ó parí gbólóhùn náà, kò fi ibì kankan sílẹ̀.

Obìnrin kan nínú àwọn àlejò yíjú padà. "Ta nìyẹn? Kí ló gbé ọmọ yẹn débẹ̀?"

"Wọ́n gba àyè ẹ̀ ni, mà," Lọ́yà wí.

Obìnrin náà wo Tíṣà. Kò bú u, ó kàn wò ó ni. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló lọ di Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ mú wá sórí bẹ́ǹṣì. Káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń sunkún, ó ní eruku pákó ni. Pákó wo ló wà níbẹ̀?

Kò sẹ́ni tó tún gba àyè yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Tíṣà kò bẹ ọmọ náà, kò bẹ bàbá rẹ̀, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ó ti fẹ̀yìn tì, ó kí mi tẹ̀ríbatẹ̀ríba. Ẹnu mi dá a lóhùn torí ẹ̀kọ́ ilé. Inú mi kò dá a lóhùn.

Sáà tó tẹ̀ lé e ni àìsàn náà tún dé, kò sì lọ bó ṣe máa ń lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí ìró ìfági Káfíńtà dúró lójijì, kò sì padà. Mo sáré lọ. Jẹ́jẹ́ ti lọ. A wẹ̀ ẹ́, a fa aṣọ bò ó, mo jókòó tì í, bàbá rẹ̀ kọjú sí ògiri. Lọ́yà wà ní ilé-ìwé, kò sẹ́ni tó rántí lọ sọ fún un.

Ọ̀sán pọ́n. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, eré ló ń sá. Ó dúró sábẹ́ fèrèsé, ó sì ké gbólóhùn tí wọ́n kọ́ lọ́jọ́ yẹn, náídà ló fi bẹ̀rẹ̀.

Kò sí èsì. Ó dúró. Ó mọ̀ pé ó máa ń pẹ́.

"Jẹ́jẹ́! Mo ní náídà!"

Ọkàn mi kò gbà kí àyè òfìfo tún kùnà láti dá ọmọ mi lóhùn. Mo la ẹnu.

"Ọ̀ọ̀," ni mo wí.

"Màmá? Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀? Ìyẹn kọ́ ló ń tẹ̀ lé e."

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí báàgì rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.