Oṣù Mẹ́jọ Tí Ẹ̀dà Kẹrin Fi Jókòó

Àwọn tí wọ́n jọ ń kọ kóòdù ló sọ ọ́ ní Alátùnyẹ̀wò, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Òun ló dá ètò kọ̀ǹpútà kan sílẹ̀ tí àwọn ilé ìgbẹ̀bí kéékèèké fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aboyún. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè ṣí inú rẹ̀ wò, kó tún ibi tó bá wọ́ ṣe. Àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń pinnu pé ẹ̀dà tuntun ti tó fọkàn tẹ̀, òun náà sì ni.

Ẹ̀dà kẹta tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn ní àléébù kan: bí iná bá lọ nígbà tó ń tọ́jú iṣẹ́ pamọ́, fáìlì lè ṣófo pátápátá. Ẹ̀dà kẹrin ti wo àrùn náà sàn láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Kí ló wá dá a dúró? Ojú ìwé ìtẹ̀wé tí kò gún, bọ́tìnnì kan tó ń yọ lápá òsì dípò ọ̀tún, àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní pálọ̀ rẹ̀, ti sọ̀rọ̀ títí ó sú u. "Ẹ̀gbọ́n mi, aṣọ ìgbéyàwó tẹ́ ẹ ń rán yìí, ìyàwó á ti bímọ mẹ́ta kẹ́ ẹ tó gbé e kúrò lórí ẹ̀rọ."

"Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ló máa ń fi dá a lóhùn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà á. Nígbà tó gbé ẹ̀dà kejì jáde, àwọn tí kò mọ̀ rí bú u lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bíi pé ó jí ewúrẹ́ wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, agbẹ̀bí kan pè é. Ìyá àgbàlagbà náà ti pè é lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó béèrè bóyá òun lè bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀dà tuntun, Alátùnyẹ̀wò sì ní, "Ẹ ṣì ní sùúrù, Mà."

"Ọmọ mi, iná lọ lánàá," ni agbẹ̀bí wí. "Nígbà tó dé, mi ò rí orúkọ kankan mọ́. Igba aboyún ó lé mẹ́rìnlá. Bóyá èmi ni mo tẹ ohun tí kò yẹ. Jọ̀ọ́, má bínú."

Ká ní ìyá náà bú u ni, ì bá sàn. Àforíjì ló ń tọrọ! Alátùnyẹ̀wò lè dákẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Mà, ẹ ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni. Mo mọ̀ nípa àléébù yẹn. Oògùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi nígbà tẹ́ ẹ béèrè, mo ní kẹ́ ẹ dúró."

Agbẹ̀bí ní, "Kí lo ń dúró dè?"

Ṣé kó sọ pé bọ́tìnnì ni? Ojú gbà á tì.

Kí oòrùn tó kanrí, ó ti gbé ẹ̀dà kẹrin jáde. Ó to àléébù mẹ́fà tó kù sókè pátápátá lójú ìwé tí wọ́n ti ń gbà á, níbi tí ojú á ti kọ́kọ́ rí i, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀bi òun ni oṣù mẹ́jọ tóun fi gbé e pa mọ́. Àbúrò rẹ̀ kà á, kò ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó bá a gbé báàgì kọ̀ǹpútà dé ìdí ọkọ̀ tó ń lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí náà.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé ìgbẹ̀bí náà, tí àwọn aboyún ń mú káàdì àyẹ̀wò tó wà lọ́wọ́ wọn wá, tó ń tẹ ohun tó wà níbẹ̀ padà sínú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Agbẹ̀bí ń fún un lómi mu. Kò bú u, kò sì bá a ṣàwàdà. Mọ́kàndínlógún ò yọjú rárá. Obìnrin kan dé tí káàdì tirẹ̀ ti sọnù, tí kò sì rántí ọjọ́ tó rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn. Agbẹ̀bí tún ikùn rẹ̀ wọ̀n, ó fojú dá oṣù tó kù. Alátùnyẹ̀wò tẹ "a fojú dá a ni" síbi tí ọjọ́ gan-an yẹ kó wà.

"Ṣé kò ní parẹ́ mọ́ báyìí?" ni obìnrin náà bi í.

"Ohun tó pa á rẹ́ lọ́jọ́sí, mo ti dí ọ̀nà rẹ̀. Àmọ́ mi ò lè búra fún òmíràn. Ẹ gba káàdì tuntun yìí, Mà, ẹ tọ́jú ẹ̀ dáadáa."

Obìnrin náà wò ó, ó ki káàdì náà bọ báàgì, ó fọwọ́ ti ẹ̀yìn, ó dìde. Agbẹ̀bí pe ẹni tó kàn.