Ilé Tí Ìwé Ní Ó Tutù

Ooru inú àjà náà gbá Fínnífínní lójú bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìkòkò lórí iná. Ó di àkàbà mú gírígírí, ó mí kanlẹ̀, ó tún ti orí bọ inú ihò náà, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì.

"Kí lẹ rí?" Télọ̀ tó ni ilé bi í láti ìsàlẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló fi di ẹsẹ̀ àkàbà mú, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ó tan tọ́ọ̀ṣì náà yíká òkè àjà. Fóòmù funfun tó nípọn, èyí tó yẹ kó bo gbogbo òkè àjà kí ooru orí páànù má baà sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá, kò ju ìwọ̀n ẹní kan lọ. Wọ́n tẹ́ ẹ yí ẹnu ihò náà ká, níbi tí ojú ẹni tó bá kàn yọjú lè dé. Lẹ́yìn ìyẹn, igi àti eruku ló kù, àti páànù tó ń gbóná janjan.

Fínnífínní ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí kò sí ilé tuntun tó máa yẹ̀ wò tí kò ní rí àléébù kan tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n nígbà tó wá yẹ ogójì ilé àdúgbò yìí wò, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọ̀gá tó kọ́ àwọn ilé náà fún un. Ó yọjú sí àjà kọ̀ọ̀kan, ó rí funfun, ó buwọ́ lu ìwé. Kò wọ inú àjà kankan. Ìwé yẹn ni wọ́n fi sínú férémù, tí wọ́n gbé kọ́ sí pálọ̀ ilé kọ̀ọ̀kan: Ilé yìí tutù. Kò ní jẹ iná púpọ̀.

"Ẹ̀rọ amúlétutù wa kì í sinmi," Télọ̀ ń sọ. "Ìyàwó mi ní bóyá èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Èmi tí mo ti ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ láti ogún ọdún! Ìtẹ̀ wo ló kù tí mi ò tíì tẹ̀?"

Fínnífínní gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe ọ̀gá lórí fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò sí fóòmù lókè àjà."

Ohùn ọ̀gá rọ̀ bí ohùn ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Àǹtí Fínnífínní, ọwọ́ ta ló wà nísàlẹ̀ ìwé?"

Ó pa fóònù. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ọ. Kò rò ó rí pé ẹni tó kàn dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń dà á náà lè bá eérú lójú ara rẹ̀.

"Tèmi tiẹ̀ sàn," Télọ̀ ní nígbà tó padà wọlé. "Màmá Nọ́ọ̀sì tó múlé tì wá, owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ń jẹ. Àtìgbà tí ìwé owó iná ti dé ni wọ́n ti pa ẹ̀rọ tiwọn. Wọn ò tàn án mọ́."

"Ìgbà wo lẹ rí wọn kẹ́yìn?"

Télọ̀ fa téèpù ọrùn rẹ̀. "Ìjẹta," ó ní.

Àwọn méjèèjì ti gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn títí, wọ́n pe Màmá títí. Gbogbo fèrèsé ló tì pa. Níkẹyìn, Télọ̀ fi èjìká ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn títí kọ́kọ́rọ́ fi já, ooru sì jáde pàdé wọn bí onílé.

Màmá Nọ́ọ̀sì wà lórí àga ní pálọ̀, orí rẹ̀ tẹ̀ sí èjìká. Ara rẹ̀ ń jó bí ààrò, ó sì gbẹ. Òógùn kan kò sí níbẹ̀. Lórí tábìlì kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, páálí oògùn ibà mẹ́ta ti ṣófo. Ìwé pélébé kan wà níbẹ̀ tó ti ń kọ bí ara rẹ̀ ṣe ń gbóná sí i ní wákàtí-wákàtí, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó mọ́ bí ti ilé ìwòsàn. Ìlà mẹ́ta tó kẹ́yìn kò ṣeé kà.

Wọ́n gbé e jáde sábẹ́ ìbòòji ẹ̀yìn ilé. Fínnífínní rẹ aṣọ sínú omi, ó fi ń nù ún lọ́rùn àti lábíyá, Télọ̀ ń pariwo àdírẹ́sì sínú fóònù kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn tètè dé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, obìnrin àgbà náà la ojú.

"Ibà ni," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Oògùn ò ràn án."

"Màmá, kì í ṣe ibà. Ilé yẹn ló gbóná."

Ó mi orí díẹ̀, pẹ̀lú sùúrù ẹni tó ti tọ́jú ọ̀pọ̀ aláìsàn tí kò gbọ́ràn. "Rárá, ọmọ mi. Ilé tutù. Ìwé sọ bẹ́ẹ̀."

Ó ṣì ń mí nígbà tí wọ́n gbé e wọ ọkọ̀. Ọkùnrin tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ kò ṣèlérí kankan.

Fóònù ọwọ́ rẹ̀ ń dún. Ọ̀gá ni. Ó jẹ́ kó dún títí ó fi dákẹ́, ó sì dúró láàárín títì, nínú oòrùn, ó ń fetí sílẹ̀. Ẹ̀rọ ń kùn lẹ́yìn àwọn ilé kan. Lẹ́yìn àwọn mìíràn, kò sí ìró kankan. Irú ilé tó dákẹ́ báyìí ló máa ń yìn nínú ìwé rẹ̀ pé ó tutù, pé kò nílò ẹ̀rọ.

"Àwọn wo ló ń gbé inú àwọn wọ̀nyẹn?" ó bi Télọ̀.

"Ọ̀pọ̀ wọn ti fẹ̀yìntì. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ta ilé fún."

Télọ̀ gba apá ọ̀tún, òun gba apá òsì. Ó kan ilẹ̀kùn ilé àkọ́kọ́ tó dákẹ́, ó sì dúró. Inú ilé kò fọhùn. Ó gbé etí lé pákó tó gbóná náà, ibẹ̀ ló ti yé e pé òun kò mọ bí a ṣe ń dá ilé tó ṣófo mọ̀ yàtọ̀ sí ilé tí ènìyàn wà nínú rẹ̀.