Ohun Tí Eilert Sọ Nínú Òkùnkùn Sinimá

Ní ìlú wa ní Sandvær, ọ̀sán Ọjọ́rú ni àwọn àgbà máa ń wá wo sinimá. Èmi ni mo ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, èmi náà ni mo ń se kọfí tí wọ́n ń mu lẹ́yìn rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, ogójì èèyàn lè wá. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, àárọ̀ ni òjò ti bẹ̀rẹ̀, kò sì dá.

Àwòrán ọkọ̀ ojú omi ló wà lára pátákó tí a gbé síta, ìyẹn ni púpọ̀ nínú wọn fi rò pé fíìmù apẹja ni. Hallvard, tó fi ogójì ọdún pẹja, tilẹ̀ sọ fún mi bó ṣe ń wọlé pé, "Gunnvor, tí wọ́n bá fi ọkọ̀ jákujàku hàn mí lónìí, màá dìde lọ sílé."

"Ẹ jókòó ná, bọ̀dá," mo dá a lóhùn. N ò sọ fún un pé àwọn ọkùnrin méjì tó ń kan ọkọ̀ náà máa nífẹ̀ẹ́ ara wọn.

Eilert ló wọlé kẹ́yìn. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni, mẹkáníìkì ọkọ̀ ojú omi tó ti fẹ̀yìn tì, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni òun àti Jostein fi jọ gbé nínú ilé Eilert tó wà lókè èbúté. Ayálégbé ni gbogbo ìlú ń pe Jostein. Ayálégbé tó ń gbin òdòdó sójú fèrèsé onílé, tó ń hun ìbọ̀wọ́ fún onílé nígbà òtútù. A ò bi wọ́n ní nǹkan kan. Jostein kú nígbà ìwọ́wé tó kọjá, láti ìgbà náà, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí Eilert láàárín èèyàn. Ó lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orókún. Oddny, àbúrò Jostein obìnrin, jókòó díẹ̀ síwájú rẹ̀. Wọ́n kí ara wọn bí àwọn tó jọ wọkọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan rí.

Mo pa iná.

Fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, pákó àti ìṣó ni wọ́n ń wò, inú wọn sì dùn. Hallvard ń mi orí. Lẹ́yìn náà ni káfíńtà inú fíìmù náà na ọwọ́, ó gbọn ẹ̀rún pákó kúrò lórí irun ọkùnrin kejì, tíṣà tó ń bá a kan ọkọ̀, ni wọ́n bá fẹnu ko ara wọn lẹ́nu.

Ẹnì kan wúkọ́. Magnhild, ìyàwó Hallvard, gbé báàgì rẹ̀, ó dìde.

"Níbo lò ń lọ?" ọkọ rẹ̀ bi í.

"Mò ń jáde."

"Wọn ò tíì kan ọkọ̀ náà tán."

"Àwọn yẹn ò rántí ọkọ̀ mọ́."

Ẹ̀rín sọ. Hallvard ní, "Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni irùngbọ̀n. Ṣé kì í gún wọn ni?"

Obìnrin kan fèsì látinú òkùnkùn pé, "Tìẹ ń gún Magnhild látọjọ́ yìí, ó ṣì ń fara dà á."

Ẹ̀rín tún sọ, kò sì sí ìkà nínú rẹ̀. Mo wo Eilert. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì dìde.

Magnhild wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. "Gunnvor, ṣé o mọ̀ pé irú èyí ni?"

"Mo mọ̀, mà."

"O ò sì sọ."

"Ẹ ò bi mí."

Ó jókòó, ó mú kéèkì kan nínú èyí tí mo tò sílẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán. Nígbà tó yá ó ní, "Kí ni wọ́n ń ṣe báyìí?" Mo ní tíṣà náà ti ń ṣàìsàn. "Àìsàn wo?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó fara tì í, ó ń wò ó lórí ìdúró. Èmi náà dúró tì í.

Ilé ìwòsàn ni wọ́n wà nínú fíìmù náà. Nọ́ọ̀sì kan ń bi káfíńtà pé, "Kí lẹ jẹ́ sí aláìsàn yìí?" Ọkùnrin náà wo ilẹ̀, ó ní, "Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mí."

"Irọ́ ni."

Inú fíìmù kọ́ ni ohùn náà ti wá. Eilert ló sọ ọ́. Kò pariwo, àmọ́ gbogbo wa gbọ́. Ó tún sọ ọ́, bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀: "Irọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe sọ fún wọn."

Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn, àfi Oddny. Oddny dìde, ó ń di orí àga mú lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ẹ̀yìn, ó jókòó ti Eilert. Ó gbé fìlà tó wà lórí orókún Eilert sórí orókún tirẹ̀, ó wá di ọwọ́ ọkùnrin náà mú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà títí fíìmù fi parí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Magnhild ń wá áńkáṣífù nínú báàgì.

Nígbà tí mo tan iná, wọn ò tètè dìde. Níkẹyìn, wọ́n jáde wá mu kọfí, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní fíìmù náà gùn jù. Ẹnì kan ní òun ò ní jẹ́ kí pásítọ̀ gbọ́ pé òun sunkún. Hallvard ní wọ́n kan ọkọ̀ náà dáadáa, ìyẹn lòun mọ̀. Ó wá rìn lọ bá Eilert, ó dúró tì í.

"Jostein ní irùngbọ̀n," ó ní.

"Ó ní in."

"Ṣé ó ń gún?"

"Ó ń gún gan-an," Eilert dáhùn. Ni àwọn méjèèjì bá rẹ́rìn-ín, Hallvard fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ léjìká, ó lọ.

Oddny ò lọ. Tábìlì tó sún mọ́ mi ni wọ́n wà, mò ń nu kọ́ọ̀bù, mo sì ń gbọ́.

"Níbi ìsìnkú," Oddny ní, "èmi ni mo ní kí wọ́n fi yín sí ìlà kẹta."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ nǹkan?"

"Ìlà àkọ́kọ́ wà fún ẹbí. Kí ni ǹ bá sọ?"

Oddny ń yí kọ́ọ̀bù rẹ̀ po lórí àwo. "Mo ti mọ̀ láti ọdún tí ẹ jọ kun ilé yẹn, tí ẹ̀ ń jà nítorí ọ̀dà. Ayálégbé kì í bá onílé jà lórí ọ̀dà. Mo rò pé ẹ ò fẹ́ ká mọ̀ ni mo ṣe dákẹ́."

"A ò fẹ́ lóòótọ́," Eilert dáhùn. "Ó ti mọ́ wa lára. Ìgbà tó kú tán ni mo wá rí i pé kò sẹ́ni tó máa bá mi kẹ́dùn. Ta ló ń bá onílé kẹ́dùn ayálégbé?"

Oddny gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù," ó ní, "àna mi."

Eilert fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Mo gbé kọfí tuntun síwájú wọn, mo sì kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, òkúta ibojì Jostein ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé. Wọn ò tíì fín nǹkan sára rẹ̀.

"Kí ni ká ní kí wọ́n kọ?" Oddny bi í.

"Orúkọ rẹ̀. Kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún tèmi."

"Ó ti yé mi."

Oṣù karùn-ún ni wọ́n gbé òkúta náà dúró, àyè sì wà nísàlẹ̀. Ilé Oddny ni Eilert ti ń jẹun ọ̀sán ní gbogbo Àìkú báyìí. Mo bi í lọ́jọ́ kan bí oúnjẹ ibẹ̀ ṣe rí. Ó ní ẹja ni, wọ́n sè é jù débi pé ó fọ́ sínú omi.

"Bí Jostein ṣe máa ń sè é gẹ́lẹ́ nìyẹn," ó ní. "Kò sẹ́ni tó mọ ẹja sè nínú ẹbí yẹn. Mo jẹ ẹ́ tán, mo ní kí wọ́n bù sí i."